Ohun Tí Ojú Mi Rí Lọ́wọ́ Ríìlì Tó Le Gbagidi

Ẹja ti gbé ìwọ̀ mì, ọ̀pá ti tẹ̀ kọdọrọ, àmọ́ ọwọ́ ríìlì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ká okùn lára ọ̀pá ìpẹja, kò yí. Mo fipá yí i. Ó yí dé ìdajì, ó dúró gbọin. Mo tún fipá kún ipá, mo sì gbọ́ ohùn kan nínú rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀, bí ìgbà tí eyín bá kan òkúta. Níbi tí mo ti ń bá a jìjàkadì ni ẹja ti yí orí padà sọ́dọ̀ mi. Okùn dẹ̀, mi ò sì rí i ká. Ìwọ̀ bọ́ lẹ́nu ẹja. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹja tó lọ kọ́ ló dùn mí jù. Ríìlì yẹn kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ló yá mi, wọ́n sì ti lò ó fún ọdún mẹ́sàn-án kí ó tó dé ọwọ́ mi. Oṣù méjì péré ni mo fi sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Mo ń kọ èyí torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní ríìlì kan nílé tó ti ń le díẹ̀díẹ̀, tí ẹ sì ń rò pé yóò dẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò ní dẹ̀.

Ọjọ́ tí mo gbé e lọ sétí òkun ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi ọ̀pá ti òkúta kan, afẹ́fẹ́ gbé e ṣubú, ríìlì rì sínú iyanrìn tútù. Mo gbọ̀n ọ́n, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ, mo ń bá ẹja pípa lọ. Nígbà tí mo délé, mo pọn omi sínú garawa, mo ri ríìlì náà bọ̀ ọ́, ibẹ̀ ló sì wà di òwúrọ̀. Lérò tèmi, omi yóò yọ iyọ̀ kúrò. Omi yọ èyí tó wà lóde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé èyí tó kù, pẹ̀lú iyanrìn, gba àwọn àlàfo tín-ín-rín wọ inú lọ. Nígbà tí omi gbẹ, iyọ̀ kò bá a lọ. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ irin.

Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ nísinsìnyí yàtọ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ fún bíréèkì, ìyẹn nọ́ọ̀tì ńlá tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tí okùn wé mọ́, kí ó le dáadáa, kí omi má baà ráyè wọ àárín àwọn wọ́ṣà, òrùka pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo wọ́n omi tí kò níyọ̀ sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí òjò winniwinni. Omi tó bá ń tú jáde pẹ̀lú agbára, ẹ má jẹ́ kó kan ríìlì, torí agbára náà gan-an ni yóò ti iyọ̀ wọlé. Mo gbọ̀n ọ́n, mo fi aṣọ nù ún, mo gbé e síbi tí atẹ́gùn wà, mi ò sì í sá a sóòrùn. Tó bá ti gbẹ tán, mo tún dẹ bíréèkì náà sílẹ̀ kí n tó gbé e pamọ́. Wọ́ṣà tí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ á lẹ̀ pẹlẹbẹ. Lọ́jọ́ tí ẹja bá fà á, á di okùn mú lójijì, á tún tú u sílẹ̀ lójijì, okùn á sì já.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn etí òkun, ríìlì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Ohùn náà dà bí ẹni ń fi sáńpépà ha pákó lábẹ́lẹ̀. Ó máa ń le ní òwúrọ̀, bí mo bá sì ti yí i bí ogún ìgbà, á rọ̀ díẹ̀. Rírọ̀ yẹn ló tàn mí jẹ. Mo ní ọjọ́ ogbó ló dé sí i.

Mo wá ṣe ohun tó burú ju ti garawa lọ. Mo ní epo kan nílé, irú èyí tí a máa ń fín sí nọ́ọ̀tì tó bá dípẹtà kí ó lè tú. Mo fín in sínú ríìlì láti gbogbo ojú ihò tí mo rí. Ẹ ò rí i bó ṣe ń yí geere! Inú mi dùn débi pé mo tún fín in sí i lọ́jọ́ kejì. Ìgbà méjì ni mo tún gbé e jáde lẹ́yìn ìyẹn, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Epo bẹ́ẹ̀ máa ń yọ́ gírísì tó wà lára jíà, á ṣàn lọ pẹ̀lú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í pẹ́ gbẹ. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ríìlì mi lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni irin tó ń gé irin, pẹ̀lú iyanrìn láàárín wọn. Inú ipò yẹn ni mo wà tí mo fi gbé e lọ bá ẹja ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ká ní mo mọ bí irú ríìlì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, mi ò bá má ṣe ìdajì nínú ohun tí mo ṣe. Kẹ̀kẹ́ okùn rẹ̀ kì í yí bí a bá ń ká okùn. Ó dúró lójú kan, orí ríìlì tó gbé apá wáyà, ìyẹn wáyà títẹ̀ tó ń darí okùn, ló ń yí i ká, tó ń wé okùn mọ́ ọn. Alfred Illingworth, ọkùnrin oníléeṣẹ́ aṣọ kan ní Bradford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1905. Nínú tiwa òde òní, ọwọ́ tí ẹ ń yí ń yí jíà ńlá, jíà ńlá ń yí jíà kékeré, jíà kékeré ń yí orí. Lákòókò kan náà, ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó la àárín rẹ̀ kọjá, ń gbé kẹ̀kẹ́ okùn lọ síwájú, ó ń dá a padà sẹ́yìn, kí okùn lè tẹ́ dọ́gba. Nínú ọ̀pọ̀ ríìlì, bí ẹ bá yí ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, orí á yí bí ìgbà márùn-ún. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ìdíwọ́ kékeré tó bá di orí mú níwájú, ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ ni yóò dé ọwọ́ yín. Bíárìn kan, ìyẹn òrùka irin tó ń jẹ́ kí nǹkan yí geere, tí kò tóbi ju orí ìka lọ, lè mú kí gbogbo ríìlì dà bí èyí tó ti kú.

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ tí ẹja lọ, inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Súkúdíráfà tí mo lò tóbi ju ojú súkúrúù lọ. Èyí àkọ́kọ́ yọ. Èkejì, ojú rẹ̀ jẹ kí ó tó tú, títí dòní ni àpá náà wà níbẹ̀. Mo ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́. Gírísì tí ó yẹ kó funfun tàbí kó pọ́n díẹ̀ ti di dúdú, ó le bí amọ̀ gbígbẹ, nígbà tí mo sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, iyanrìn inú rẹ̀ ń dún. Mo fa jíà ńlá jáde, nǹkan kan tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e, ó dán lójú mi lẹ́ẹ̀kan, ó ré bọ́ sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́ṣà ni. Mi ò kà á sí. Mo ń tú apá wáyà lọ nígbà tí sípíríǹgì kan fò jáde, ó gbá ògiri, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo tó rí i lábẹ́ àpótí. Wọ́ṣà ní tirẹ̀, mi ò rí i mọ́ láéláé. Nígbà tí mo tún gbogbo ẹ̀ tò padà, mo ní ohun tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe pàtàkì.

Mo fi pẹtiróòlù fọ gbogbo rẹ̀. Irin mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà tó wà lórí ọwọ́ rẹ̀ wú, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi gírísì ọkọ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú, bí ẹni ń di àpò. Mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe rọ̀ tó. Nígbà tí mo ti í pa, tí mo yí i, ó dà bí ẹni ń ro ẹrẹ̀. Ó sì tún mú àrùn tuntun: ọwọ́ rẹ̀ ń yí sẹ́yìn. Gírísì ti wọ bíárìn tí kì í jẹ́ kí ríìlì yí padà. Àwọn ọ̀pá irin wẹ́wẹ́ ló wà nínú bíárìn yẹn, àwọn ni wọ́n máa ń há bí ríìlì bá fẹ́ yí sẹ́yìn. Bí gírísì bá ti bò wọ́n, wọn ò ní rí ibi há mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi gbé ìpè ẹ̀gbọ́n mi. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Bàbá kan wà tí a jọ máa ń jókòó sétí omi. Mo gbé ríìlì náà lọ bá wọn. Wọ́n gbà á, wọn ò gbé súkúdíráfà. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì bíréèkì, wọ́n yọ kẹ̀kẹ́ okùn kúrò, wọ́n yí ọwọ́ ríìlì, wọ́n dákẹ́.

"Bàbá, ṣé ẹ ti mọ ohun tó ṣe é?"

"Mi ò tíì mọ̀. Mo ń bi í léèrè ni."

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá yọ kẹ̀kẹ́ okùn tí ríìlì sì yí geere, a jẹ́ pé orí kẹ̀kẹ́ yẹn tàbí abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀ràn wà, ẹ ò nílò láti ṣí inú rárá. Bó bá ṣì le, ẹ yọ ọwọ́ rẹ̀ wò, bóyá ẹ ti fún un jù tàbí ó ti wọ́. Ẹ fi ìka yí róólà, ìyẹn ohun roboto tí okùn ń gùn lé létí apá wáyà. Tiwa kò yí rárá. Iyọ̀ ti dì í pa, okùn sì ti ń wọ́ lórí rẹ̀ láti ìgbà tí mi ò mọ̀, ìdí nìyẹn tí okùn mi fi máa ń lọ́ pọ̀. Bàbá yọ orí ríìlì, wọ́n tún yí i. Ó ṣì ń ha. Wọ́n yọ bíárìn tó dènà ẹ̀yìn, ó ṣì ń ha. Wọ́n wá yọ bíárìn tó gbé jíà kékeré, èyí tó wà lọ́rùn ríìlì gan-an, wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́.

"Yí i."

Mo ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ihò rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò yí ẹ̀yìn rẹ̀. Kírakíra, kírakíra. Ìpẹtà pupa ń jáde létí rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Bíárìn kan ṣoṣo! Gbogbo ohun tí mo fojú rí, ara ìwọ̀nba irin yẹn ló ti wá.

A wọ̀n ọ́n: ihò inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7, ìbú rẹ̀ 14, nínípọn rẹ̀ 5. Ìwọ̀n mẹ́ta yẹn ni ẹ máa fi ra òmíràn, kò pọn dandan kí ó ní orúkọ ẹni tó ṣe ríìlì lára. Ẹ ra èyí tí irin rẹ̀ kì í tètè dípẹtà. Sípírítì la fi fọ gírísì tí mo kún inú rẹ̀ kúrò lára irin, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín la fi gbo eyín jíà. Níbẹ̀ ni Bàbá ti fi eyín méjì hàn mí lára jíà ńlá, ẹnu wọn ti ṣán. Ọjọ́ tí mo fipá yí i lórí ẹja ni. Gírísì kankan kò lè wo jíà tó bá ti jẹ. Bí ẹ bá gbọ́ tí ríìlì ń ha lójú omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹ fi ọwọ́ fa okùn wọlé bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kódà bí ríìlì bá dá ṣáṣá, ọ̀pá ló yẹ kó fa ẹja: ẹ gbé ọ̀pá sókè, kí ẹ wá máa ká okùn bí ẹ ti ń sọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí gírísì tí Bàbá lò ṣe kéré tó. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ ọ sára eyín jíà bí ẹni ń fi ìpara ra ètè, mo ṣì ń rí àwọ̀ irin lábẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀kán kan sí róólà, ẹ̀kán kan sí oríkèé apá wáyà, ẹ̀kán kan sí ìdí ọwọ́, ẹ̀kán kan sára ṣáàfù. Bíárìn tó dènà ẹ̀yìn, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ríìlì tèmi fúnra mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í le. Àyà mi já. Ọwọ́ mi ti kan súkúdíráfà, kí n tó rántí. Mo yọ kẹ̀kẹ́ okùn, mo sì yí i. Ó ń yí bí afẹ́fẹ́. Mo wo abẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, okùn ti wé mọ́ ìdí ṣáàfù bí ìgbà mẹ́wàá, ó ti wọra pinpin. Mo fi abẹ gé e, mo fà á jáde. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ká ní ti tẹ́lẹ̀ ni, mi ò bá ti tú gbogbo ríìlì palẹ̀ nítorí okùn tí kò gùn ju apá mi lọ. Okùn máa ń bọ́ síbẹ̀ bí ó bá dẹ̀ lẹ́yìn tí a ju ìwọ̀, pàápàá lọ́jọ́ afẹ́fẹ́. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ni mo fi ń pa apá wáyà dé, mi ò jẹ́ kí yíyí ríìlì pa á dé mọ́. Mo sì máa ń fi ìka fa okùn kó le kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

Bí ó bá wá di dandan kí n ṣí ríìlì, mo ń ya fọ́tò lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo bá yọ. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo sì to wọn sí i láti òsì sí ọ̀tún bí wọ́n ṣe jáde, pẹ̀lú súkúrúù kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó dè, torí gígùn wọn kì í dọ́gba. Ibi tí sípíríǹgì bá wà, inú ọ̀rá tó mọ́ gaara ni mo ti ń tú u, kí ó má baà rí ibi fò lọ.

Mo gbé ríìlì ẹ̀gbọ́n mi padà fún wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀: garawa, epo, pẹtiróòlù, eyín méjì, ìpè tí mi ò gbé. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n di ọwọ́ ríìlì mú, wọn ò tilẹ̀ yí i, wọ́n kàn ń tì í wọlé, wọ́n ń fà á jáde. Tíkí, tíkí.

"Wọ́ṣà kan ò sí níbẹ̀."

Ara mi bù máṣọ. Mo ní, "Ó bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí i mọ́."

Wọ́n wọlé lọ mú ìwé tó wà nínú páálí ríìlì náà láti ọdún tí wọ́n ti rà á, èyí tó ya àwòrán gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Ó wà níbẹ̀, láàárín jíà ńlá àti bíárìn ẹ̀gbẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí àlàfo tó wà níbẹ̀ kí eyín jíà lè pàdé ara wọn bó ṣe yẹ. A béèrè fún wọ́ṣà náà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, wọ́n sì fi oríṣiríṣi nínípọn ránṣẹ́. A kọ́kọ́ fi èyí tó nípọn jù sí i, ríìlì sì tún le gbagidi bíi ti ọjọ́ ẹja. A yọ ọ́, a fi èyí tó jẹ́ ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà sí i. Mo fún súkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, díẹ̀díẹ̀, láti igun dé igun.

Ẹ̀gbọ́n mi yí i, wọ́n gbé e sétí. Ó yí geere, àfi ní ojú kan, níbi tí eyín méjèèjì wà, tó ti ń ta díẹ̀ sọ́wọ́. Wọ́n ní kí n máa lò ó lọ. Jíà ńlá tuntun ni a ń wá báyìí.